Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ àti Ìlera Àwọn Ará Ilé

Ohun ọ̀gbìn díẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Níbi tí omi ìwẹ̀ bá ń ṣàn sí, níbi tí a ń da eérú ilé ìdáná sí, níbẹ̀ ni yóò ti hù, tí yóò sì máa yọ ọmọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ro ìdí rẹ̀. Nítorí pé kò ná wa ní nǹkan púpọ̀, ojú kékeré ni a fi ń wò ó. Bí ìdì rẹ̀ bá gbó, a ó gé e, a ó sì gbé e lọ sí ọjà. Èyí tí ó bá já bọ́, tàbí èyí tí ẹyẹ ti ṣá, ni a ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ní àkókò kan náà, ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nínú ilé náà ń mu ẹ̀kọ ṣíṣàn láàárọ̀, ó ń mu ún lọ́sàn-án, ó sì tún ń mu ún lálẹ́, ara rẹ̀ kò sì le. Owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá rẹ̀ tà ni ó sì tún fi ń ra oògùn fún un. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ: ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lè ṣe fún ara, ohun tí kò lè dá ṣe, àti ìdí tí ó fi yẹ kí apá kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan máa kù sí ilé.

Bí a bá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù, tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sì gbé e sí orí ìwọ̀n, yóò tó nǹkan bí 120 gíráàmù. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ omi. Nǹkan bí 27 gíráàmù jẹ́ oúnjẹ afúnnilágbára, èyí ni ṣúgà àti ìyẹ̀fun, àti nǹkan bí 3 gíráàmù ohun tí kì í dà nínú ikùn, tí ó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Fítámìn B6 wà nínú rẹ̀ tí ó súnmọ́ ìdámẹ́ta ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Fítámìn C wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọsàn fi púpọ̀púpọ̀ jù ú lọ. Iyọ̀ ara kan sì wà tí a ń pè ní pọ̀tásíọ̀mù, tí ó lé díẹ̀ ní 400 mílígíráàmù nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Iṣan ara àti ọkàn kò lè ṣiṣẹ́ dáradára láìsí i.

Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá wà ní tútù, ìyẹ̀fun tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 20 nínú ìdá 100. Bí ó ti ń pọ́n, ìyẹ̀fun náà ń yí padà di ṣúgà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá pọ́n tán, ìdá 1 tàbí 2 péré ni yóò kù. Ìdí nìyí tí èyí tí ó pọ́n dáradára fi rọrùn fún ikùn ọmọ ọwọ́ àti fún arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká. Ohun mìíràn tí a kì í sábà rò ni pé èèpo rẹ̀ ni àwo rẹ̀. Omi kànga kò kàn án, eṣinṣin kò bà lé e, títí di ìgbà tí ọwọ́ wa bá bó o. Bí ọwọ́ náà bá mọ́, oúnjẹ náà mọ́.

Àwọn àgbà wa a máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé ohun dídùn ní ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, àti pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ń bí aràn sínú. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oúnjẹ rere lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Aràn kì í ti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Láti inú ìgbẹ́ ènìyàn ni ẹyin aràn ti ń dé inú ilẹ̀. Láti ilẹ̀ ni ó ti ń dé ọwọ́ tí a kò fọ̀, àti láti ọwọ́ sí ẹnu. Irú kan tilẹ̀ wà tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé. Ṣáláńgá, ọṣẹ àti bàtà ni a fi ń bá aràn jà. Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí tí ó jẹ́ ti ìdí yíyọ, ìgbẹ́ líle àti ìfúnra ní ilé ìgbẹ́ a máa mú un burú sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan pẹ̀lú omi mímu púpọ̀ a sì máa ṣèrànwọ́ láti mú ìgbẹ́ rọ̀. A kò bá àwọn àgbà jiyàn nípa ṣúgà fúnra rẹ̀ o: ẹni tí ó ń bu ṣíbí mẹ́rin-mẹ́rin sínú ẹ̀kọ rẹ̀ ní láti gbọ́ ìkìlọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wá sí ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní, nítorí níbẹ̀ ni ewu wà. Oúnjẹ tí ń kọ́ ẹran ara, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní purotéènì, kò ju nǹkan bí gíráàmù kan lọ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Èròjà irin tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ́n kéré púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó pé kí ó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀ sí i kò gbà á ní ìmọ̀ràn rere. Ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja àti oògùn irin tí wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn ni kí ó gbára lé.

Ní ọdún 1933, oníṣègùn obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí ó di Ghana ní ọdún 1957, kọ ìwé nípa àrùn kan tí ó ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ àti ojú ọmọ yóò wú, irun rẹ̀ yóò pupa yóò sì fúyẹ́, awọ ara rẹ̀ yóò máa bó, kò sì ní fẹ́ ṣeré mọ́. Ní ọdún 1935, ó pe àrùn náà ní orúkọ tí àwọn ará Ga ń pè é, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Ẹ̀kọ àgbàdo ni a fi ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé àgbàdo ni ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ Uganda ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn Baganda tí ń gbé níbẹ̀ jẹ́ ajẹ-ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí àwa ti jẹ́ ajẹ-iyán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, tí wọ́n ń fi ooru omi sè, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó rọ̀. Matooke ni orúkọ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Mulago ní ìlú Kampala, Dókítà Hugh Trowell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú àrùn yìí gan-an lára àwọn ọmọ tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan bọ́. Oúnjẹ méjì, àrùn kan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ohun gbogbo tí ó wà nídìí kwashiorkor, ṣùgbọ́n èyí kò ní àríyànjiyàn: oúnjẹ kan ṣoṣo tí ó kún ikùn ọmọ tí kò sì kọ́ ara rẹ̀ yóò ṣe é ní ibi, ìbáà ṣe àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa jùlọ ni bí wọ́n ti ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Mulago tí wọ́n pè ní Mwanamugimu, èyí tí í ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ní èdè Luganda. Wọn kò sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò gbọ́? Wọ́n kọ́ wọn láti se kitobero: kí a kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí a fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà gígún kún un, tàbí ẹja, kí a pọ́n gbogbo rẹ̀ papọ̀ sínú ewé, kí a sì sè é. Ọwọ́ àwọn ìyá fúnra wọn ni wọ́n fi ń sè é níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ojú ara wọn rí i bí ọmọ wọn ti ń sàn.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn tí ń kiri ọjà ní ibùdókọ̀ ti mọ ohun tí ó yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ni wọ́n ń tà pọ̀. Ìdámẹ́rin ẹ̀pà jẹ́ purotéènì, ó ní irin díẹ̀, ó sì ní òróró tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní. Àgbàlagbà tí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà ní oko ti jẹun dáradára ju ẹni tí ó jẹ búrẹ́dì funfun lásán lọ.

Fún ọmọ ọwọ́, ọmú nìkan ni kí ó máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn èyí, kí ìyá fọ ọwọ́ rẹ̀ àti ṣíbí pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n dáradára, kí ó tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, kí ó sì fi ọmú díẹ̀ pò ó. Ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n jẹ, kí a yan ẹ̀pà, kí a gún un kúnná, kí a fi díẹ̀ kún un. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ díẹ̀ gan-an, kí a sì máa ṣọ́ bóyá ètè rẹ̀ yóò wú tàbí ara rẹ̀ yóò sú, nítorí ẹ̀pà a máa bá ara ọmọ mìíràn jà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. A kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi ẹ̀pà, kí ó má bàa há a lọ́fun. Ẹ̀pà tí ó bu, ẹ má ṣe ṣà á fún ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ dà á nù. Májèlé tí ń bẹ nínú ìbu náà a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á. Ẹyin sísè, ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀, tàbí edé gígún lè dípò ẹ̀pà ní ọjọ́ mìíràn, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún wúlò nígbà ìgbẹ́ gbuuru. Ní ilẹ̀ Bangladesh, àwọn oníṣègùn kó ọmọkùnrin 62 jọ tí wọ́n wà láàárín oṣù márùn-ún sí oṣù méjìlá, tí ìgbẹ́ gbuuru kò fi sílẹ̀. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ ìrẹsì lásán, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sísè kún ti àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ kẹta, ju ìdajì àwọn tí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sàn; nínú àwọn tí ó jẹ ìrẹsì lásán, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdí rẹ̀ ni pé apá kan ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kì í dà títí yóò fi dé ìfun ńlá. Níbẹ̀, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń gbé inú wa sọ ọ́ di ohun tí ó ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa omi àti iyọ̀ padà sínú ara.

Síbẹ̀, omi ni ó ṣáájú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbígbẹ ara ni ó ń pa ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ẹ fún un ní omi oníyọ̀ tí wọ́n ń dì sínú àpò kékeré ní ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a rẹ́ lórí dọ́gba, mọ́ lítà kan omi mímọ́. Kí ọmọ máa mu ọmú, kí ó sì máa jẹun. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan, ẹ má ṣe dúró.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, pọ̀tásíọ̀mù a máa ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da iyọ̀ tí ó pọ̀ jù nù sínú ìtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti jẹ ó kéré tán 3,510 mílígíráàmù rẹ̀ lóòjọ́, kí iyọ̀ rẹ̀ má sì tó 5 gíráàmù, èyí tí í ṣe ṣíbí tíì kan. Ẹ rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ nínú èyí; ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tán tí ó sì tún ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Kí ó má sì ṣe tìtorí rẹ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ ní láti bi oníṣègùn rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́, nítorí pọ̀tásíọ̀mù tí kò rí ọ̀nà jáde lè dá ọkàn dúró. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ kékeré kan tí kò pọ́n jù, pẹ̀lú ẹ̀pà, kì í ṣe mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ń tà á. Àwọn kan ń fi káábáìdì, irú èyí tí àwọn ọdẹ fi ń tan iná orí wọn, mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ní tipátipá. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ a máa ní májèlé áséníìkì, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ìlò rẹ̀ kò sì pọn dandan. Ẹ gé ìdì náà nígbà tí igun ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti ń di róbótó, ẹ yà á sí wẹ́wẹ́, ẹ kó o sínú agbọ̀n tàbí àpò pẹ̀lú ọ̀kan tàbí méjì tí ó ti pọ́n, ẹ sì fi ewé bò ó. Èyí tí ó ti pọ́n ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde tí ó ń pe àwọn yòókù sí pípọ́n, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ẹ tó gbé agbọ̀n náà lọ sí ọjà, ẹ yọ ti ilé sílẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ibi tútù kí ó má bàa pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí èèpo rẹ̀ bá ti dúdú kò bàjẹ́ bí inú rẹ̀ bá mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀kọ gbígbóná ọmọ dípò ṣúgà.