Ká Ra Kámẹ́rà Tuntun Ni, àbí Ká Tún Ti Ẹgbẹ́ Ṣe?

Àwọn tí wọ́n wà ní ìpàdé wa àìpẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Alága ní kí n kọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ sínú ìwé yìí, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe, kí ẹni tí ó bá sì ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ nílé lè rí ohun kan mú lò.

N óò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dùn mí jù. Nígbà tí Màmá Elélùbọ́ wa papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi pé kí n fún wọn ní fọ́tò tí mo yà níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ gbé màmá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe bánà àti ìwé ètò ìsìnkú. Mẹ́ta péré ni mo yà lálẹ́ ọjọ́ náà nínú yàrá màmá. Nínú èkíní, ojú màmá dà bí èéfín. Nínú èkejì, ọwọ́ tí ó fi gbé ọmọ di mẹ́rin. Nínú ẹ̀kẹta, gèlè nìkan ni ó hàn kedere. Fọ́tò inú káàdì ìdìbò ni wọ́n padà lò, èyí tí màmá fajúro nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Bẹ́ẹ̀ àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí àwọn ará ilé ti fojú kàn án gbẹ̀yìn, ojú tí wọ́n sì rí kẹ́yìn nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Bùọ̀dá Akọ̀wé, ẹ má ṣèyọnu, Ọlọ́run mọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àwa tí a jìnnà sílé, fọ́tò kì í ṣe ohun ìṣeré fún wa. Òun ni ìyá tó wà ní Ọ̀fà fi ń mọ ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì gbé rí. Kì í sì í ṣe òní ni àwọn Yorùbá ti mú fọ́tò ní ohun pàtàkì. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague kọ̀wé nípa àwọn alayàwòrán ìlú Ìlá Ọ̀ràngún. Ó sọ níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, alayàwòrán a ya èyí tó kù, a tẹ àwòrán rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ìbejì lè tún jókòó pọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìyá ìbejì yóò mọ ìdí tí inú mi fi bàjẹ́.

Kámẹ́rà ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Canon EOS 1100D ni tiwa, irú èyí tó jáde ní 2011. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó kó lọ sí Èkó ló fi ta wá lọ́rẹ. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí a ra EOS 2000D tí ó jáde ní 2018, nítorí pé ojú àmì mílíọ̀nù 24 ni tirẹ̀, 12 sì ni tiwa. Iye tí wọ́n dá lé e nílé ìtajà ju ìlọ́po mẹ́ta owó tí ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀ lọ, ₦180,000 sì ni owó náà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a dá owó, ayé ti lajú. Bàbá Akápò ní ọmọ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ń san owó ilé ìwé wọn, òun kò ní fi ìwé ọmọ ra ẹ̀rọ. Bàbá kan láti ẹ̀yìn wá béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kámẹ́rà ló kọṣẹ́ ni, àbí ẹni tó ń yà á?” Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé n kò lè dáhùn ìbéèrè náà.

Ni mo bá kó àwọn fọ́tò màmá lọ sọ́dọ̀ bàbá alayàwòrán kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ó wo nọ́ńbà tí kámẹ́rà kọ sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ rélùwéè! Ojú irin ló bàjẹ́, o fẹ́ lọ pààrọ̀ ẹ́ńjìnì.”

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Ìdá kan nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá ni kámẹ́rà fi la ojú sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó pẹ́ jù. Bí màmá bá mi orí díẹ̀, tàbí bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, àwòrán ti dàrú. Ìdí tí ó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kéré, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá, lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá kò sì lẹ́nu tó gbòòrò. Lẹ́ńsì 18-55 ni. Bí a bá fà á dé 55, f/5.6 ni ẹnu rẹ̀ lè là mọ. Lẹ́ńsì 50 kan wà tí ẹnu tirẹ̀ là dé f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èkíní. Ohun tí tiwa ń fi ìdá kan nínú 15 ìṣẹ́jú àáyá ṣe, lẹ́ńsì yìí lè fi ìdá kan nínú 125 ṣe é. Ènìyàn lè máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa jó ọmọ lọ́wọ́, àwòrán rẹ̀ yóò sì dúró.

Kámẹ́rà tuntun tí mo ń pariwo lé lórí ńkọ́? Lẹ́ńsì 18-55 kan náà ni wọ́n sábà máa ń tà á mọ́. ISO, èyí tí í ṣe nọ́ńbà tí a fi ń mú kámẹ́rà ríran nínú òkùnkùn, 6400 ni òpin rẹ̀ lára 1100D. 6400 náà ni lára 2000D, àyàfi bí ènìyàn bá fipá tì í dé 12800, tí àwòrán á sì máa rí wóńwón bí iyanrìn. Ojú mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi ń wá ibi tí wọn yóò dojú kọ. Bátìrì kan náà ni wọ́n ń lò. Ní ti mílíọ̀nù 24 yẹn, fọ́tò tí à ń tẹ̀ ránṣẹ́ sílé, èyí tó jẹ́ íńṣì 4 sí 6, mílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ ló fẹ́. Èyí tí à ń gbé kọ́ ògiri, íńṣì 8 sí 12, kò fẹ́ tó mílíọ̀nù 9. Mílíọ̀nù 12 tiwa ti tó, ó sì tún ṣẹ́kù.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Bàbá náà yá mi ní lẹ́ńsì 50 tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Mo lọ sí yàrá Màmá Elélùbọ́, gílóòbù kan náà ni mo tàn, mo sì bẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin kí ó gbé ọmọ jókòó sórí àga màmá. Mo fi lẹ́ńsì àtijọ́ yà á, mo tún fi èyí tí mo yá yà á. Nígbà tí mo fi hàn án, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ wo eyín ọmọ yìí, méjì péré.” Ni ó bá bú sẹ́kún. N kò ní láti ya òmíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù rẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ta ọjà fún òun. Lẹ́ńsì 50 kì í fà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sún. Lára irú kámẹ́rà wa, ó ń mú nǹkan sún mọ́ni bíi lẹ́ńsì 80. Nínú yàrá kékeré, ẹ̀yìn mi ti kan kọ́bọ́ọ̀dù kí ènìyàn mẹ́ta tó wọ inú fọ́tò pọ̀, nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ 18-55 nù. Òun ni yóò máa ya agbo ìyàwó àti ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí lójú ọ̀sán. Bí a bá la ẹnu lẹ́ńsì dé f/1.8, ibi tó mọ́ kedere kì í jìn: ojú lè hàn kí etí ti máa ṣú. Bí ènìyàn bá tò ní ìlà mẹ́ta, ẹ lọ sí f/5.6 tàbí f/8, níta, nínú ìmọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Bí bàbá kan bá wọ agbádá funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á sì sọ ojú bàbá di dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ + àti − sí. Ẹ gbé e dé +1. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá bọ́tìnnì yìí gbé láì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Tókunbọ̀ ni a rà. Lẹ́ńsì 50 f/1.8 méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà: ti 1990 tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, àti èyí tí a ń pè ní STM, ti 2015, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin. STM ni a mú. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀yìn kí ẹ wò ó bóyá ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn wà nínú gíláàsì rẹ̀. Ọ̀rinrin ló ń fa èyí, àwọn lẹ́ńsì tó ti pẹ́ létí òkun sì sábà máa ń ní in. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọ̀ tó. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ẹ ń rà, ẹ ya ìwé funfun ní f/22 kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò jáde. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta nínú erùpẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí ẹ tó tú u.

N kò ní kámẹ́rà tuntun kò dára o. Ọmọ wa tó bá ń fi fídíò jẹun nílò rẹ̀, nítorí 720 ni tiwa ń ká mọ, 1080 sì ni ti 2018 yẹn. Bí tiwa bá sì dákẹ́ pátápátá lọ́jọ́ kan, a óò rà. Lọ́jọ́ náà, lẹ́ńsì yìí kò ní ṣòfò. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣe irú ìdí lẹ́ńsì yìí, kódà àwọn kámẹ́rà R wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí kò ní dígí nínú, ń gbà á bí a bá fi irin ìsopọ̀ sí i láàrín.

Àwọn tó ní fóònù ti tó wa, mo gbọ́ yín. Fóònù dára lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bí ẹ ti ń ṣe, nítorí ó ń dín in kù lójú ọ̀nà, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí yóò rí págunpàgun. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, kí ó lè dé bó ti rí.

Ìṣirò owó nìyí: lẹ́ńsì ₦115,000, bátìrì kejì ₦12,000, káàdì ₦8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦135,000. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi ₦45,000 tó kù tẹ fọ́tò àwọn àgbà wa. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ Bàbá Akápò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Àìkú ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo bàbá àti ìyá wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wá sí gbọ̀ngán ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, nínú aṣọ tó bá wù wọ́n. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí ọmọ rẹ̀ sọ fún mi, èmi àti Akọ̀wé Ìnáwó yóò wá bá a nílé. Bàbá tó béèrè ìbéèrè láti ẹ̀yìn ti ní òun ni kí a kọ́kọ́ yà.