Bass Reeves, Agbófinró Tí Kò Ṣe Ojúsàájú

Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Ọ̀sì àti Ìlọ́fà títí dé etí òkun, àwọn ọdẹ ni a máa ń fi ṣọ́ ìlú lóru. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó mọ igbó, tí kò sì bẹ̀rù òkùnkùn, ni ó lè mú olè tí ó sá wọ igbó. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn aláṣẹ kan lò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1875, nígbà tí wọ́n sọ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Bass Reeves di agbófinró.

Ẹrú ni Reeves nígbà tí a bí i ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní ọdún 1838. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1861 sí 1865, ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà tí ó ni Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, àwọn bí Cherokee, Creek àti Seminole. Ó gbọ́ èdè wọn, ó sì mọ ipa ọ̀nà, odò àti òkè wọn. Nígbà tí òfin dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ọdún 1865, ó padà sí Arkansas, ó ń ro oko, ó sì ń sin ẹṣin.

Ilẹ̀ tí Reeves ti fara pamọ́ sí yìí di ibi ìsásí àwọn apànìyàn àti àwọn olè ẹṣin. Ilé-ẹjọ́ Adájọ́ Isaac Parker, ní ìlú Fort Smith, ni ó ní àṣẹ láti mú wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gba Reeves sí iṣẹ́. Kò mọ ìwé kà. Ẹlòmíràn ni ó máa ń ka ìwé àṣẹ ìmúni fún un, òun a sì há a sórí. Nígbà mìíràn, a wọ àkísà bí alágbe kí ọ̀daràn má bàa fura. Ó ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 32, a sì gbọ́ pé àwọn tí ó mú ju 3,000 lọ.

Òfin tí ó ń gbé ró kò yọ òun náà sílẹ̀. Ní ọdún 1887, ó jẹ́jọ́ níwájú Adájọ́ Parker nítorí ikú alásè kan tí ó bá a rìn. Reeves wí pé ìbọn ni ó ṣèèṣì yìn. Wọ́n dá a láre, ṣùgbọ́n owó ẹjọ́ gbé púpọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ lọ.

Ìdánwò tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ dé ní ọdún 1902: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pa ìyàwó ara rẹ̀. Àánú bàbá ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ mú ọmọ náà. Reeves fúnra rẹ̀ ni ó bèèrè ìwé àṣẹ, tí ó wá ọmọ rẹ̀ rí, tí ó sì mú un wá. Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ó lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní ọdún 1907, ilẹ̀ náà di ìpínlẹ̀ Oklahoma, iṣẹ́ Reeves sì parí. Òfin àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ tuntun náà ṣe ni pé kí ènìyàn dúdú àti funfun má jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Síbẹ̀, bàbá arúgbó yìí tún ṣe ọlọ́pàá ní ìlú Muskogee fún ọdún méjì. Ó kú ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1910.

Ẹni tí òfin rẹ̀ kò bá lè mú ọmọ tirẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi pe ọmọ ẹlòmíràn lẹ́jọ́?