Ta ló jẹ wá lówó? Bí oníṣòwò kékeré ṣe lè máa bi kọ̀ǹpútà léèrè, tí yóò sì dáhùn

Oníṣòwò tí kò ní ìwé tó ń kọ àwìn sí ṣọ̀wọ́n. Ìwé náà lè ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti ya, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni owó wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé kì í dáhùn ìbéèrè. Bí oníṣòwò bá fẹ́ mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àfi kó ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, kó máa fi bírò ṣàmì sí i. Kó tó ṣe é dé ìdajì, oníbàárà mìíràn á ti dé, iṣẹ́ náà á sì di ọ̀la.

Àwọn kan ti kúrò nídìí ìwé, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n ṣì fi ń wá a. Bẹ́ẹ̀, irú ohun tí àwọn báǹkì ń lò láti mọ iye owó tí oníbàárà wọn ní lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀fẹ́ ló wà fún ẹni tó ń ta aṣọ tàbí sìmẹ́ńtì. Relational database ni wọ́n ń pè é. SQL sì ni orúkọ èdè tí wọ́n fi ń bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò nílò láti fi bẹ̀rẹ̀ nínú èdè náà kò ju méje lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edgar Codd, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ IBM ní ìlú San Jose, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà jáde lọ́dún 1970. Ó ní kí wọ́n máa to ìsọfúnni sórí àtẹ, kí àtẹ kan máa bá èkejì tan, kí ẹni tó ń béèrè sọ ohun tó fẹ́ nìkan, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà rí i. Lọ́dún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, gbé èdè kan jáde tí wọ́n pè ní SEQUEL. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni orúkọ yẹn lábẹ́ òfin, ni wọ́n bá gé e kúrú sí SQL. Àjọ ANSI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìlànà èdè náà lọ́dún 1986, àjọ ISO ti àgbáyé sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1987. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ kan fi lè lò ó lórí òmíràn, yàtọ̀ sí àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké.

Ká ní ẹnì kan ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Dípò ìwé kan ṣoṣo, àtẹ méjì ló máa ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ni onibara, tí yóò ní òpó fún nọ́ńbà, orúkọ, fóònù àti àdúgbò. Ìkejì ni tita, tí yóò ní nọ́ńbà ìtajà, ọjọ́, nọ́ńbà oníbàárà, ọjà, iye owó ọjà náà àti iye tí oníbàárà ti san. Ìlà kan fún ìtajà kan.

Nọ́ńbà tí wọ́n fún oníbàárà yìí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Nínú ìwé àwìn, "Ìyá Ìbejì, gínnì" ni wọ́n máa ń kọ. Ìyá Ìbejì wo? Ọ̀kan wà ní Bódìjà, òmíràn wà ní Mọ́níyà. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, kò sẹ́ni tó lè là á. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Ìbejì Bódìjà bá jẹ́ nọ́ńbà 4, tí ti Mọ́níyà jẹ́ nọ́ńbà 9, gbèsè ẹnì kan kò ní bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tó rọrùn jù lọ nìyí:

SELECT oruko, foonu FROM onibara WHERE adugbo = 'Bodija';

SELECT ń sọ òpó tí èèyàn fẹ́ rí, FROM ń sọ àtẹ tó ti wá, WHERE sì ni àṣẹ́ tó ń yọ èyí tí kò bá a mu dànù. Orúkọ àti fóònù àwọn oníbàárà Bódìjà nìkan ni yóò jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tí kò tíì san owó wọn pé, kí gbèsè tó pẹ́ jù sì ṣáájú, yóò kọ ọ́ báyìí:

SELECT * FROM tita WHERE san < owo ORDER BY ojo;

Àmì ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí gbogbo òpó. ORDER BY ló ń tò ó. Ó dára kí wọ́n máa kọ ọdún ṣáájú oṣù, kí oṣù ṣáájú ọjọ́, bíi 2025-03-05, kí títò náà má bàa dàrú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń pàdánù láì mọ̀. Ká ní Ìyá Ìbejì Bódìjà ra léèsì 60,000 náírà, ó san 40,000. Ti Mọ́níyà gbé gínnì 85,000 náírà, kò san kọ́bọ̀, ọmọ ìtajà sì fi òpó san sílẹ̀ lófìfo. Tí wọ́n bá béèrè ìbéèrè òkè yìí, ti Bódìjà nìkan ni yóò jáde. Ẹni tó jẹ gbèsè jù lọ ni kò ní sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣàṣìṣe. Lójú SQL, òpó tó ṣófo kì í ṣe òdo. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé "a kò mọ̀", ohun tí a kò mọ̀ kò sì ṣe é sọ pé ó kéré sí 85,000. NULL ni wọ́n ń pè é. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n pa á láṣẹ pé ẹni tí kò bá san nǹkan kan, 0 ni kí wọ́n kọ fún un. Fún àwọn èyí tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lófìfo tẹ́lẹ̀, wọ́n lè fi gbólóhùn kan kún ìbéèrè náà:

SELECT * FROM tita WHERE san < owo OR san IS NULL ORDER BY ojo;

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò kàn. SUM ń ro iye pọ̀, GROUP BY sì ń pín in sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́:

SELECT oja, SUM(owo) FROM tita GROUP BY oja;

Iye tí wọ́n tà lórí léèsì, gínnì àti àǹkárá yóò jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n iye títà kọ́ ni èrè o. Ọjà tó ń yá lè jẹ́ èyí tí èrè orí rẹ̀ kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èrè gbọ́dọ̀ ṣí òpó fún iye tó ra ọjà wá, nítorí ẹ̀rọ kò lè sọ ohun tí wọn kò kọ sínú rẹ̀.

JOIN ni ọ̀rọ̀ keje, òun ló ń so àtẹ méjì pọ̀:

SELECT onibara.oruko, onibara.foonu, SUM(tita.owo - tita.san) FROM tita JOIN onibara ON tita.onibara = onibara.nomba GROUP BY onibara.nomba, onibara.oruko, onibara.foonu;

Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò le: "Fi nọ́ńbà so ìtajà mọ́ ẹni tó rà á, kí o sì ro gbèsè ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀." Ẹni tó ti san tán yóò jáde pẹ̀lú 0. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà ló ṣáájú nínú GROUP BY. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n lò, gbèsè àwọn Ìyá Ìbejì méjèèjì yóò papọ̀ di ọ̀kan. Bákan náà, níbí yìí, ìlà tí òpó san rẹ̀ bá ṣófo, SUM yóò fò ó kọjá.

SELECT kò lè ba nǹkan kan jẹ́, wíwò ni ó ń wò. UPDATE àti DELETE ni kí oníṣòwò bẹ̀rù. Bí Ìyá Ìbejì Bódìjà bá mú 10,000 wá, tí owó tó san di 50,000, wọ́n á kọ ọ́ pé:

UPDATE tita SET san = 50000 WHERE nomba = 12;

Ẹni tó bá gbàgbé WHERE níbẹ̀ ti kọ ọ́ pé gbogbo oníbàárà tó wà nínú àtẹ náà ló san 50,000. Ìmọ̀ràn àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ fi SELECT dán WHERE náà wò, kó rí i pé ìlà tó fẹ́ nìkan ló jáde, kó tó yí nǹkan kan padà. Kó sì máa ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí ibòmíràn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò owó. SQLite, tí Richard Hipp gbé jáde lọ́dún 2000, ọ̀fẹ́ ni. Ó wà nínú àwọn fóònù Android, inú rẹ̀ sì ni WhatsApp ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí lórí fóònù. DB Browser for SQLite, tí wọ́n fi ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ó ní bọ́tìnì tó ń jẹ́ Write Changes. Títí èèyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́, ó ṣì lè fi Revert Changes dá ohun tó bà jẹ́ padà.

Nítorí pé orúkọ àti fóònù oníbàárà wà nínú rẹ̀, kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti kọ̀ǹpútà náà pa, kó má sì fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà wọn. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023.

Kò pọn dandan kí wọ́n da gbogbo ìwé àwìn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ogún ìtajà tó gbẹ̀yìn dán an wò, kí wọ́n béèrè iye gbèsè, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ nínú ìwé. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, òpó tó ṣófo ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.