Ìrìn-àjò Ẹni Tí Ń Wá Òkùnkùn: Yíya Àwòrán Ìràwọ̀ Lóru

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà pé iṣẹ́ ayàwòrán ọjọ́ náà parí. Ìmọ́lẹ̀ ṣáà ni oúnjẹ kámẹ́rà. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá sí, kí ni yóò rí jẹ? Síbẹ̀, àwọn kan wà káàkiri ayé tí ó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń tẹ́ ẹní ni wọ́n ń gbé àpò kọ́ èjìká. Wọn a wọ ọkọ̀ kúrò ní ìlú ńlá, wọn a gun òkè tàbí kí wọ́n gba inú aginjù lọ, wọn a gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn a sì kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀run. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ wọn ti ń wá. Ìgbafẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀ wò ni èyí: kí ni wọ́n ń wá lọ sínú òkùnkùn tí kò sí nílé?

Ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú bí kámẹ́rà ti ń ríran. Ojú ènìyàn kì í to ìmọ́lẹ̀ jọ. Èyí tí ó bá wọlé lójú ẹsẹ̀ ni ó ń lò, tí ó sì ń jẹ́ kí ó lọ. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dàbí igbá tí wọ́n gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí omi tilẹ̀ ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí igbá bá ti pẹ́ tó níbẹ̀, yóò kún. Níwọ̀n ìgbà tí ojú kámẹ́rà bá wà ní ṣíṣí, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí kò tó nǹkan a máa kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ohun tí ojú lásán kò lè rí yóò fi farahàn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti mọ àṣírí yìí. Ní 1850, ní ilé ìwo-ìràwọ̀ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, William Cranch Bond àti John Adams Whipple ya àwòrán Vega, ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà mú lẹ́yìn oòrùn. Ní 1883, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Andrew Common, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kì í ṣe ti ìràwọ̀, ya àwòrán ìkùukùu Orion láti inú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ealing, ní ìwọ̀-oòrùn London. Àwọn ìràwọ̀ kan hàn nínú àwòrán yẹn tí kò sí ẹni tí ó tíì fi awò awọ̀nàjíjìn rí wọn rí.

Ṣùgbọ́n igbá tí ń gbe omi kò gbọ́dọ̀ mì, ayé sì rèé, kì í dúró lójú kan. Láàrin wákàtí kan, yíyí tí ayé ń yí a máa mú kí ìràwọ̀ dàbí ẹni pé ó fi dìgírì 15 sún. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí pẹ́ jù, ìràwọ̀ kò ní jẹ́ ẹyọ mọ́, yóò di ìlà. Nítorí náà, àwọn ayàwòrán ní ìṣirò àfojúdá kan tí ó rọrùn: wọn a fi iye mìlímítà lẹ́ńsì wọn pín 500. Ẹni tí ó lo lẹ́ńsì 20 mìlímítà lè ṣí ojú kámẹ́rà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25. Ẹni tí ó lo ti 50 kò gbọ́dọ̀ kọjá 10. Àwọn mìíràn a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, tàbí kí wọ́n to ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán lé ara wọn, kí ìràwọ̀ lè fa ìlà yíká ọ̀run bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá fi ìka yí ara ìkòkò ká.

Ìmúrasílẹ̀ pọ̀ ju yíyà fúnra rẹ̀ lọ. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ orí òṣùpá, nítorí pé òṣùpá àrànmọ́jú a máa bo ìràwọ̀ kéékèèké mọ́lẹ̀. Òru tí òṣùpá kò sí lójú ọ̀run ni ó dára jù. Ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún lẹ́ńsì ṣe títí ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀ yóò fi rí bí ẹnu abẹ́rẹ́, nítorí pé kámẹ́rà tí ń ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án a máa táràrà lóru. Ojú ènìyàn ń fẹ́ nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára. Iná tọ́ọ̀ṣì funfun kan ṣoṣo sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo iná pupa. Kámẹ́rà olówó ńlá kì í ṣe dandan fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn fóònù kan lóde òní lè ṣí ojú kámẹ́rà wọn fún àkókò gígùn bí wọ́n bá dúró ṣinṣin. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọlọ́gbọ́n kì í dá lọ. Yóò gba àṣẹ onílẹ̀, yóò sì mú ẹnì kejì dání.

Àwọn òkè àti aginjù ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ ni iṣẹ́ yìí yẹ fún. Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ju dìgírì méje ó lé díẹ̀ lọ, èyí sì fún ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀run tí àwọn ará London kò ní. Àwọn ìràwọ̀ Àgbélébùú Gúúsù, tí kì í yọ sí London láéláé, a máa hàn níhà gúúsù ní alẹ́ oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Milky Way, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí ó nà gbọọrọ bí èéfín funfun: àárín gbùngbùn rẹ̀ a máa ga ju dìgírì 50 lọ lójú ọ̀run Ìbàdàn, kì í sì í ga tó 10 ní London. Ìgbà ni ohun tí ń dí ènìyàn lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ìkùukùu òjò a sì gba àárín ọdún. Nítorí náà, ìdájí oṣù kẹta, àti alẹ́ ìparí oṣù kẹwàá lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ni ó tọ́ láti máa ṣọ́. Ẹni tí ó bá wà lórí àwọn àpáta Ìdànrè ní irú òru bẹ́ẹ̀ yóò rí àpáta nísàlẹ̀ àti ìràwọ̀ lókè nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Àwọn kan a máa jiyàn pé irọ́ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń pa, nítorí pé ojú kò rí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní apá méjì. Omi inú igbá kì í ṣe irọ́ nítorí pé ó ju ẹ̀kán kan lọ. Òjò ni ó rọ̀ ọ́. Àwọ̀ náà wà lọ́run, ojú ènìyàn ni kò lágbára láti yà á sọ́tọ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ọ̀run ibì kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ibòmíràn, tí kò sì sọ fún ẹni tí ń wò ó, ti yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀rí.

Ẹ̀rí yìí sì níye lórí ju ẹwà lásán lọ. Òwe Yorùbá kan wí pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá òṣùpá ni. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ìhà ìwọ̀-oòrùn ní wákàtí kan náà, ní ìrọ̀lẹ́ méjì tí ó tẹ̀léra, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí òwe náà ń wí: òṣùpá yóò ti fi nǹkan bí dìgírì 13 kúrò níbi tí ó wà lánàá, Àgùàlà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò. Kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń tọ̀ yí oòrùn ká. Irú ìfiwéra àwòrán méjì yìí gan-an ni Clyde Tombaugh lò ní ilé ìwo-ìràwọ̀ Lowell, ní ìlú Flagstaff, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà. Ọmọ àgbẹ̀ ni, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò awọ̀nàjíjìn lóko ní Kansas kí ó tó di òṣìṣẹ́ ní Lowell ní 1929. Ó fi àwòrán ọjọ́ 23 àti ọjọ́ 29 oṣù kìíní 1930 wé ara wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ó rí àmì kékeré kan tí ó ti sún nígbà tí àwọn ìràwọ̀ yòókù dúró. Pluto ni. Ní 2006, àwọn onímọ̀ yọ Pluto kúrò nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn aràrá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó rí i kò parẹ́.

Flagstaff mọ̀ pé òkùnkùn wà lára ohun tí ó fún òun ní òkìkí yẹn. Ní 1958, ìgbìmọ̀ ìlú náà fi òfin de àwọn iná ńlá tí àwọn oníṣòwò ń tàn sókè ọ̀run láti fi polówó ọjà. Ní 1989, òfin mìíràn fi ààlà sí iye iná tí wọ́n lè tàn síta lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2001, ó di ìlú àkọ́kọ́ lágbàáyé tí International Dark-Sky Association fi jẹ oyè ìlú tí ó dáàbò bo òkùnkùn ọ̀run rẹ̀. Ìlú náà kò tìtorí èyí di ahoro: ìkànìyàn 2020 rí ju 76,000 ènìyàn lọ níbẹ̀. Grand Canyon, àfonífojì ńlá tí kò jìnnà sí i, gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní 2019, àwọn ayàwòrán sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀.

Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ya máàpù ayé lórí ọ̀ràn yìí ní 2016 rí i pé ju ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ń gbé lábẹ́ ọ̀run tí iná ti bàjẹ́, àti pé ju ìdá kan nínú mẹ́ta aráyé lọ ni kò lè rí Milky Way níbi tí wọ́n ń gbé. Ìdí nìyí tí ìgbafẹ́ yìí fi di ìrìn-àjò: ohun tí baba ńlá ń rí láti ẹnu ọ̀nà, ọmọ-ọmọ ń wọ ọkọ̀ lọ wá a.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọdún pípẹ́ retí iná mànàmáná, ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n fẹ́ràn òkùnkùn? Ìbéèrè náà tọ́. Ọmọ tí ń kàwé nílò iná, ìyálọ́jà tí ń pàtẹ lálẹ́ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná òpópó tí kò ní ìbòrí a máa da apá kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń rìn, owó iná náà sì bá a lọ. Bí wọ́n bá bo orí iná, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà yóò mọ́lẹ̀ sí i, ọ̀run yóò sì ṣókùnkùn bí ó ti yẹ. Ibi tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni ó rọrùn jù láti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi ìràwọ̀ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí kò lóǹkà. Ọmọ tí ó bá lè ka ìràwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀ tán lórí ìka ọwọ́ méjèèjì, báwo ni àpẹẹrẹ yẹn yóò ṣe yé e?