Orúkọ Tó Bàjẹ́ àti Ọ̀nà Àtúnṣe Rẹ̀

Bí àbùkù bá kan ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ lè gbà padà bọ̀ sípò: ilé ẹjọ́ lè dá a láre, ìjọba lè foríjì í, òun fúnra rẹ̀ sì lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kan agbègbè Ìkẹjà sí Agége sì fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 2009, Adájọ́ Olúbùnmi Oyèwọlé ti ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà rán Olóyè Bọ̀dé George, alága àná fún ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ èbúté NPA, lọ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n oṣù lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbàṣe tí wọ́n ní wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó jáde ní 2011, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ ẹbí lọ pàdé rẹ̀, inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì dùn sí ayẹyẹ yẹn. Ní oṣù Kejìlá, 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìdájọ́ náà, ó ní òfin kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà náà. Lójú òfin, ẹni tí wọ́n dá láre báyìí kò jẹ̀bi, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ti àforíjì ìjọba yàtọ̀. Ní 1999, ìwé ìròyìn TheNEWS, tí wọ́n ń ṣe ní Ìkẹjà, tú àṣírí Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin: kò gboyè ní Yunifásítì Toronto bó ṣe wí, ó sì ti purọ́ ọjọ́ orí. Ó fi omijé bẹ̀bẹ̀, ó fipò sílẹ̀, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì foríjì í ní 2000. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yàn án sínú ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì Nsukka ní 2013, aráàlú fárígá. Ìjọba lè pa ìyà rẹ́, àmọ́ kò lè bá àwọn tí wọ́n tàn jẹ dárí jini.

Ọ̀nà kẹta hàn ní ilé ẹjọ́ májísíréètì Ògbà, láàárín Ìkẹjà àti Agége. Lásìkò kónílé-ó-gbélé Kòrónà ní 2020, òṣèré Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀ tèrò-tèrò. Ohun tó ká aráàlú lára jù ni pé òun kan náà wà nínú ìpolówó tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dènà àrùn náà. Ó tọrọ àforíjì nínú fídíò. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin, tọkọtaya náà gbà pé àwọn jẹ̀bi. Yàtọ̀ sí ìtanràn ₦100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n fi ọjọ́ 14, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ṣiṣẹ́ ìlú, kí wọ́n sì lọ máa la aráàlú lọ́yẹ̀ níbi mẹ́wàá l'Ékòó. Ìyà náà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu: ìkìlọ̀ tó kọ̀ láti tẹ̀ lé ni wọ́n ní kó máa ṣe fún ẹlòmíì. Nígbà tó yá, fíìmù rẹ̀ *A Tribe Called Judah*, tó jáde ní ìparí 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá abẹ́lé. Èrò sinimá fi hàn pé ìfẹ́ ti padà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí àtúnṣe.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ẹni tí àṣírí rẹ̀ ti tú kò tó. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni àtúnṣe ṣe ń pẹ́ tó, ibi tó ti bàjẹ́ gan-an ló sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: kí ẹni tó kówó ìlú dá a padà, kí ẹni tó yí ìwé-ẹ̀rí lọ kàwé. Ẹlòmíì lè ṣe gbogbo rẹ̀ kó má dépò àná mọ́ láéláé, síbẹ̀ kó jẹ́ ẹni tó yí padà ní tòótọ́.