Owó Tí Àṣìṣe Sọ Di Iyebíye

Bí télọ̀ bá gé apá ẹ̀wù kan kúrú ju èkejì lọ, tàbí tí amọ̀kòkò bá mọ ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ wọ́, kò sí oníbàárà tí yóò san owó pípé lé e lórí. Iṣẹ́ tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, ẹ̀dínwó ni í bá a dé ọjà. Ọ̀ràn owó onírin nìkan ni mo mọ̀ tí ó yàtọ̀ sí èyí. Bí ilé ìrọwó bá ṣe àṣìṣe lára owó, tí àṣìṣe náà sì yọ́ bọ́ sí ìgboro kí àwọn alábòójútó tó rí i, àwọn ènìyàn wà káàkiri ayé tí wọn yóò máa wá a kiri, tí wọn yóò sì san ìlọ́po púpọ̀ iye tí a kọ sára rẹ̀ kí wọ́n lè ní i. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé owó ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí, àti nítorí pé àwọn ẹlẹ́tàn ti sọ ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ di pańpẹ́ fún aláìmọ̀kan.

Kí a tó lè mọ àṣìṣe tí ó níye lórí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń rọ owó. Àwọn oníṣẹ́ ọnà yóò gbẹ́ àwòrán àti àkọlé owó sára irin líle kan, kí ó yọ síta gẹ́gẹ́ bí yóò ti yọ lára owó fúnra rẹ̀. Irin yìí ni mo máa ń pè ní ìyá òǹtẹ̀. A ó fi ẹ̀rọ alágbára tẹ ìyá òǹtẹ̀ mọ́ orí irin mìíràn tí ó rọ̀ jù ú lọ. Ohun tí ó yọ síta lára ìyá yóò sì di kòtò lára ọmọ. Lẹ́yìn tí a bá ti fi iná mú ọmọ náà le, òun ni òǹtẹ̀ tí a fi ń rọ owó. Méjì ni a ń lò pọ̀, ọ̀kan fún ojú owó, ọ̀kan fún ẹ̀yìn rẹ̀. A ó fi pẹlẹbẹ irin tí kò ní àkọlé kankan sí àárín wọn, ẹ̀rọ yóò gbá wọn pọ̀ gbàgà, owó dé nìyẹn.

Ibi tí ọ̀ràn ti ń wọ́ ni ìgbà tí a bá ń tẹ ìyá mọ́ ọmọ lára. Láyé àtijọ́, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í mú kí àwòrán náà wọlé tó. Bí a bá sì ti tẹ irin lẹ́ẹ̀kan, líle ni ó ń le sí i, nítorí náà a ní láti gbé e padà sínú iná kí ó rọ̀, kí a tó tún gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a kò bá gbé e sí ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, bí ó bá fi ìwọ̀nba ìbú irun orí yẹ̀, àkọlé kejì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, wọn yóò sì dà bí ìbejì tí wọ́n dúró ti ara wọn. Gbogbo owó tí a bá fi irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ rọ ni yóò ní àbùkù kan náà láìyẹ̀. Òǹtẹ̀ ìbejì ni mo sọ ọ́ lórúkọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n sì fẹ́ràn orúkọ náà ju àlàyé gígùn tí mo kọ́kọ́ ṣe fún wọn lọ.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni owó sẹ́ǹtì kan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí a rọ ní ìlú Philadelphia ní ọdún 1955. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára pàápàá yóò rí i pé ọdún tí a kọ sára rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè orí Lincoln jẹ́ méjì-méjì. Kí àwọn alábòójútó tó fura, ẹ̀rọ ti rọ nǹkan bí 40,000, ó sì ti da ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ mọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye owó tí kò ní àbùkù. Wọ́n rò ó títí, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò lè tìtorí owó díẹ̀ yọ́ gbogbo òkìtì náà. Báyìí ni nǹkan bí 20,000 sí 24,000 ṣe bọ́ sí ìgboro. Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn gbà dé ọwọ́ ènìyàn: sẹ́ǹtì mẹ́tàlélógún ni páálí sìgá kan nínú ẹ̀rọ tí ń ta sìgá nígbà náà, sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀rọ sì ń gbà, nítorí náà a ti fi ṣéńjì sẹ́ǹtì méjì sí ara páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ra sìgá rí owó abàmì gbà, òmíràn sì tún un ná láìwò ó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí ó bá dà bíi méjì ni ó jẹ́ ọmọ òǹtẹ̀ ìbejì. Ìgbà mìíràn wà tí òǹtẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n tí ó mì díẹ̀ nígbà tí ó gbá owó tán, tí ó sì ha àkọlé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí kò níye lórí rárá, òun ni ó sì pọ̀ jù. Bí a ti ń mọ ìyàtọ̀ wọn nìyí. Lára ojúlówó, lẹ́tà méjèèjì yọ síta dáadáa, orí àti ìdí wọn a máa là bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀, lẹ́tà náà a sì nípọn ju bí ó ti yẹ lọ. Lára èkejì, ohun tí ó dà bí lẹ́tà kejì a tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ̀gùn ilé, lẹ́tà gan-an a sì tín-ínrín nítorí pé a ti ha lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí èyí, awò kékeré tí àwọn alátùn-únṣe aago ní Dùgbẹ̀ máa ń há sójú tó o lò. Kí ó tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, kí ó sì dúró sí ibi tí oòrùn ti ń tàn wá láti ẹ̀gbẹ́.

Ó wá kan owó tiwa. Ní ọdún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa ṣètò owó Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà. Kí ìgbìmọ̀ yìí tó dé ni ónínì ti wà, ìyẹn owó kékeré tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Alumíníọ́ọ̀mù ni a kọ́kọ́ fi rọ ónínì, ní ọdún 1907 àti 1908, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ó tọ́jọ́, ni a bá fi bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ónínì tí a kọ 1908 sí lára jẹ́ oríṣi méjì: ọ̀kan fúyẹ́ bí ìyẹ́, èkejì wúwo lọ́wọ́. Irú ìyàtọ̀ báyìí kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n àwọn agbówójọ kà á sí gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ka àmì ilé ìrọwó sí. Bí ẹ bá rí lẹ́tà H tín-tìn-tín lára owó náà, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni ó rọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ KN, King's Norton ni. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sábà máa ń jẹ́.

Nínú gbogbo owó wọ̀nyí, ti ọdún 1936 ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ní oṣù January ọdún náà ni Ọba George Karùn-ún wàjà, ọmọ rẹ̀ Edward Kẹjọ sì gorí oyè. Kí a tó dé òpin ọdún, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù December, ó ti fi oyè sílẹ̀ nítorí obìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó. A kò tíì dé e ládé, orí rẹ̀ kò sì tíì dé ara owó tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní ìlú wọn. Ṣùgbọ́n ónínì, àbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ tiwa ní ihò láàárín. Kò sí àyè tí a lè ya orí ọba sí, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a ń kọ yí adé kékeré kan ká. Èyí ni kò jẹ́ kí a dúró de ayàwòrán, tí a fi tètè rọ wọ́n ní ilé ìrọwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí a sì kó wọn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá rí EDWARDVS VIII lójú kan, tí ó sì rí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lójú kejì, ó ti rí owó ọba tí àwọn ará ìlú ọba fúnra wọn kò ní láti ná. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré lọ ra mọ́tò. Owó náà pọ̀, iye rẹ̀ kò sì ga.

Ọ̀kan wà nínú kọ́bọ̀ ọdún kan náà tí ó ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ tí ó ní àmì H tún ń rọ owó fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ní ihò tí ó sì ní adé bíi tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn òǹtẹ̀ ìhà ibẹ̀ ṣì wọ inú iṣẹ́ tiwa, ni a bá rọ kọ́bọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ti Ìlà-Oòrùn. Ìbaaka ni àwọn agbówójọ ń pe irú owó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni baba, ẹṣin sì ni ìyá.

Ihò yìí náà tó ohun tí a ń yẹ̀ wò. Kí òǹtẹ̀ tó kan irin ni a ti ń lu ihò sí i, nítorí náà bí ihò bá yẹ̀ kúrò láàárín, tàbí tí kò sí rárá, láti ilé ìrọwó ni àṣìṣe náà ti wá. Ṣùgbọ́n ihò tí a fi ìṣó lu sára ṣílè kí a lè so ó mọ́ ọrùn ọmọ, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe olówó, ìbàjẹ́ owó ni. Owó tí ó ní orí lójú méjèèjì náà ń kọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo irú rẹ̀ ni a fi owó méjì ṣe, tí a rẹ́ wọn sí méjì tí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sórí òkúta, ẹ óò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ó bá sì ń fi náírà òde òní ṣe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, kí ó mọ̀ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka bíba owó jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n.

Àwọn ẹlẹ́tàn tí mo mẹ́nu bà lókè kì í tilẹ̀ ṣe wàhálà rírẹ́ owó. Ìròyìn ni wọ́n ń gbé kiri pé ẹni tí ó bá ní kọ́bọ̀ àtijọ́ lápò ti di olówó ọ̀kẹ́ àìmọye, pé oníbàárà ń dúró ní òkè òkun, kí a sáà kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀. Olùrà tòótọ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tajà fún un. Ìwà èkejì tí ó burú bákan náà ni ti ọmọ tí ó mọ̀wé, tí ó rí owó abàmì nínú àpótí ìyá àgbà, tí ó sì fi ẹ̀kọ àti àkàrà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, owó yín yìí lè níye lórí ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ jẹ́ kí a jọ wádìí rẹ̀." Bí ìyá bá sì ní òun kò tà á, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù jù ni pé owó wọ̀nyí ń tán lọ. Láyé ìgbà tí ṣílè jẹ́ fàdákà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ yọ́ fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Ní òde òní, àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri Ring Road àti Challenge, orí ìwọ̀n ni wọ́n ń gbé e lé. Èyí tí ó bá sì bọ́, ọmọ ilé a fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Kò sí ohun tí ó ń ba owó jẹ́ tó èyí. Iyanrìn a ha lẹ́tà, omi ọsàn a jẹ ara irin, ẹ̀rí tí à bá fi mọ òǹtẹ̀ ìbejì a sì lọ. Omi lásán ni kí a fi ṣan erùpẹ̀ kúrò, kí a fi aṣọ rírọ̀ gbọ́n omi náà nù, kí a fi owó sínú àpò ìwé gbígbẹ, kí a sì kọ ibi àti ọjọ́ tí a rí i sí ẹ̀yìn àpò náà.

Ẹni tí kò bá rí owó àtijọ́ kò ṣaláìní ohun yíyẹ̀ wò. Owó tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1959, tí kòkó wà lára sísì rẹ̀ kí owó kòkó tó kọ́ Ilé Kòkó parí ní Dùgbẹ̀ ní ọdún 1965, ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà. Kọ́bọ̀ tí ó bá náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 1973, tí a ya kànga epo rọ̀bì sí lára, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti ọdún 2007 ni ó rọrùn jù: ẹyọ náírà méjì, tí a fi irin oríṣi méjì so pọ̀, tí àwọn ìyá ọlọ́jà Bódìjà kì í fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni. Nítorí pé a kò ná an, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán nínú àpótí bí ìgbà tí ó jáde láti abẹ́ òǹtẹ̀.