Limbe: Òkun ń bẹ, òkè ń bẹ, èbúté ńlá ni kò sí

Àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé Èkó ni kòkó òun ti ń wọ ọkọ̀ òkun. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ èbúté tí olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, polongo fún etíkun Ìlàjẹ fi kàn án. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún tó máa ka owó tí kò tíì dé, ó yẹ kó wo Limbe ní ilẹ̀ Cameroon.

Ìsàlẹ̀ òkè Cameroon, tí gíga rẹ̀ lé ní 4,000 mítà, ni ìlú kékeré náà wà, létí òkun gan-an. Òkè tó ń yọ iná ni. Lọ́dún 1999, òkúta yíyọ́ ṣàn láti ara rẹ̀ dé Bakingili, ó sì gé títì tó lọ sí Idenau. Òkè yìí ló sọ yanrìn etíkun ibẹ̀ di dúdú, òun náà ló mú ilẹ̀ lọ́ràá fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, rọ́bà àti ọ̀pẹ. Òjò ńkọ́? Ní Debundscha tó wà nítòsí, òjò ọdún kan máa ń tó nǹkan bíi mítà 10! Lọ́dún 2001, ilẹ̀ ya ní Limbe lẹ́yìn òjò ńlá, ó sì pa èèyàn tó lé ní 20.

Alfred Saker, òyìnbó oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló tẹ ìlú náà dó lọ́dún 1858, ó sì pè é ní Victoria. Ọdún 1982 ló di Limbe. Pẹ̀lú Nàìjíríà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso agbègbè náà títí di 1960. Kódà, ìjọba Nàìjíríà ìgbà náà ló ra oko àwọn ará Jámánì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó sì gbé wọn fún ilé-iṣẹ́ CDC tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Douala, tó tó nǹkan bíi 70 kìlómítà sí i, ló ń jẹ èrè èbúté. Bẹ́ẹ̀ etí odò Wouri ni Douala wà. Yẹ̀pẹ̀ ń dí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbẹ́ ẹ ṣáá. Nígbà tí ìjọba máa kọ́ èbúté omi jíjìn, Kribi ló gbé e lọ, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2018. Ti Limbe kò kúrò lórí ìwé. Ẹ ò rí i pé omi jíjìn nìkan kì í pe ọkọ̀: ìjọba ló ń yan ibi tí títì àti owó máa lọ.

Ohun tó kù fún Limbe ni SONARA, ilé-iṣẹ́ ìfọpo tó ṣí lọ́dún 1981, tó máa ń ra epo rọ̀bì Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Iná jó o ní May 31, 2019, epo fífọ̀ sì dáwọ́ dúró. Kó tó dìgbà yẹn ni ogun abẹ́lé agbègbè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ́ lọ́dún 2017, ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ CDC kúrò lóko, tí owó oṣù wọn sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ara wọn.

Ní Down Beach, àwọn apẹja, tí ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, ṣì ń fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sórí yanrìn dúdú náà.